Ta Ló Rí Ẹtu Nílé Èèbù?

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò tí ì jẹun ni? Mo ní, ààlọ́ o!

— Ààlọ̀ o!

Ẹn-ẹ́n. Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó fò fẹ̀ẹ̀, kò bà lé Ìjàpá lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ Ìjàpá ti sú mi. Ó lọ bà lé orí Ẹtu, ó bà lé orí ìyá Ẹtu, ó sì bà lé orí Òkété ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ rọ̀gọ̀dọ̀.

Oyèníran, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ọmọ ọlọ́mọ. Ìbídùn, sún mọ́ mi. Àlọ́ yìí ní orin, ègbè rẹ̀ kò sì le. Bí mo bá ti lé e, ẹ̀yin ẹ gbè é báyìí: "Odò, rọra, kí n gbọ́." Ó yá, ẹ gbè é.

— Odò, rọra, kí n gbọ́!

Ohùn yín lọ sókè jù. Orin àárò ni, kì í ṣe orin eré òṣùpá. Ẹ rọ ohùn sílẹ̀ díẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ní ìlú àwọn ẹranko kan láyé àtijọ́, Ẹfọ̀n ni ọba. Ìlú náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ó létò. Bí wọ́n bá ti wa iṣu tán lọ́dọọdún, olúkúlùkù a mú èèbù tirẹ̀, èyí tí yóò gbìn nígbà tí òjò bá tún rọ̀, a gbé e lọ sí ilé amọ̀ kan létí ìlú. Ilé èèbù ni wọ́n ń pè é. Ojú kan náà ni èèbù gbogbo ìlú wà. Ẹni tó bá jalè níbẹ̀, kì í ṣe ọbẹ̀ ẹnìkan ló bù jẹ, oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀ ló kó lọ.

Wọn kì í fi àgádágodo ti ilé náà. Ààlè ni wọ́n fi kọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀: àgékù ìgbálẹ̀, àkísà pupa, àti ìkarahun ìgbín. Ẹ̀yin náà ti rí ààlè rí, lára igi ọsàn bàbá Àbẹ̀kẹ́. Kí lẹ ṣe nígbà tí ẹ rí i?

— A sá ni, Màmá.

Ẹ sá. Ó dára. Ẹni tí kò bá bọ̀wọ̀ fún ààlè, kò bọ̀wọ̀ fún olóhun. Ṣùgbọ́n tàwọn ará ìlú yìí ti kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà pé ààlè ní ojú, wọ́n gbà pé ó ní ọwọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá jí ohun tí ààlè ń ṣọ́, ààlè náà yóò mú un, ẹsẹ̀ rẹ̀ a wú, tàbí kí ikùn rẹ̀ wú. Nítorí náà, bí nǹkan bá sọnù nílùú wọn, wọn kì í wá olè. Aláìsàn ni wọ́n máa ń wá.

Ẹtu ń gbé ìlú yìí pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ìyá náà ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Kò bí ju Ẹtu lọ. Ẹtu ló ń pọnmi, Ẹtu ló ń dáná. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn a jókòó síta, wọn a máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Ìyá a ní iyọ̀ ọbẹ̀ kò tó, Ẹtu a ní ó tó, wọn a fi ìyẹn jiyàn títí oorun á fi kun ìyá. Wọn kò ní nǹkan mìíràn láyé. Èyí tí wọ́n ní náà tó wọn.

Lọ́dún kan, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, Ajá, ẹ̀ṣọ́ ọba, lọ yọjú wo ilé èèbù láti ẹnu ọ̀nà. Ó rí i pé òkìtì èèbù ti dín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ku ìdajì. Kò wọlé. Ta ni yóò wọlé nígbà tí ààlè wà lẹ́nu ọ̀nà? Ọba nìkan ló ń já ààlè náà, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbin iṣu ló sì ń já a. Ajá kọrí sí ààfin, eré ló ń sá, fìrìfìrì.

Ọba ní kí wọ́n lu agogo. Gbogbo ìlú pé. Ẹ̀yin ẹ gbọ́ ohun tí ọba kọ́kọ́ bèèrè. Kò bèèrè pé ta ló rí olè. Ó ní, "Ta ni ara rẹ̀ kò yá nínú yín?"

Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Ẹtu ló ń tiro bọ̀ lẹ́yìn, tí ó di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú rọ̀bọ̀tọ̀.

Òkété ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní, "Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́. Tótó, ó ṣe bí òwe. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Èèbù dín, ẹsẹ̀ wú. Èmi ò sọ púpọ̀."

Òwe náà dùn. Èmi náà máa ń pa á. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà tó láti bá a jà: àjẹ́ lè ké lánàá, kí ibà sì pa ọmọ lónìí. Ta ló bi ibà léèrè?

Ọba ní, "Ẹtu, kí ló ṣe ọ́ lẹ́sẹ̀?"

Ẹtu kúnlẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, mo ń ti odò bọ̀, mo ru omi ìyá mi. Mo gba ẹ̀yìn ilé èèbù, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ ló yá. Ilẹ̀ ló jìn mọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo ṣubú gbì, ìkòkò fọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan bá mi lọ, n ó fi ojú ibẹ̀ hàn án."

Òkété rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ẹ ti gbọ́? Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ pé òun wà lẹ́yìn ilé èèbù."

Ariwo sọ. "Ààlè ti mú un! Ààlè ti mú un!"

— Màmá, ṣé òun ló jí i ni?

Ìbídùn, ìwọ náà ti ń dájọ́. Ta ló rí i níbẹ̀?

— Kò sí.

Ó dáa, panu mọ́, kí o máa gbọ́.

Àgbà kan wà nílùú náà, Alágẹmọ lorúkọ rẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe ń rìn. Á na ẹsẹ̀ síwájú, á fà á padà, á tún nà án, kó tó wá gbé e lélẹ̀. Nítorí náà, kì í tètè dé ìpàdé. Ariwo ti gba ìlú kan kí ó tó wọlé. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó wá bèèrè pé, "Ta ló rí Ẹtu nínú ilé èèbù?"

Kò sí ẹni tó dáhùn.

"Ta ló ká èèbù mọ́ ọn lọ́wọ́? Àbí ta ló bá a nínú ìkòkò ìyá rẹ̀?"

Wọ́n ń wo ara wọn lójú.

Òkété ní, "Bàbá, bí kì í bá ṣe òun, kó fi hàn wá pé òun kọ́."

Alágẹmọ yí ojú sí i, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. Ó ní, "Ẹni tó pe ọmọ ọlọ́mọ lólè ló ń ru ẹ̀rí wá, kì í ṣe ẹni tí a pè lólè. Bí mo bá sọ nísinsìnyí pé ìwọ Òkété lo já ìràwọ̀ kan jẹ lójú ọ̀run, báwo lo ṣe máa fi hàn pé ìwọ kọ́? Ṣé wà á ka ìràwọ̀ fún wa ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọba kò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé ọba náà burú, ẹ̀rù ariwo ló ń bà á. Àwọn tó pàdánù èèbù ń bínú, wọ́n fẹ́ kí a mú ẹnìkan, ẹnikẹ́ni. Ọba tó bá sì ń bẹ̀rù ariwo, ariwo náà ló ń jọba, òun kàn dé adé ni.

Ọba ní, "Ẹtu, rékọjá odò. O kò gbọdọ̀ padà. Ẹni tó bá sì tẹ̀ lé ọ, òun náà kò gbọdọ̀ padà."

Ìyá Ẹtu fi ọ̀pá rẹ̀ wá ọ̀nà títí ó fi dé iwájú ọba. Ó ní, "Kábíyèsí, ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ẹ jẹ́ kí n bá a lọ."

Ọba ní, "Màmá, igbó ló wà lódìkejì, ẹ kò sì ríran. Ẹ ò ní lò tó ọjọ́ méjì níbẹ̀. Ẹ jókòó sílé yín."

Ó ṣe bí ẹni pé àánú ló fi ṣe é. Ìyá náà kò bá a jiyàn. Ó fi ọwọ́ pa ojú ọmọ rẹ̀, ó pa imú rẹ̀, ó pa etí rẹ̀ méjèèjì, ó pẹ́ lórí etí náà. Ẹtu ní, "Ìyá mi, n kò jí nǹkan kan." Ìyá rẹ̀ ní, "Ṣé èmi lo fẹ́ sọ fún?" Wọ́n gbé Ẹtu sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n wà á dé òdìkejì, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n sì padà.

Odò náà fẹ̀. Ẹni tó bá dúró ní èbúté kan kò lè dá ojú ẹni tó wà ní èkejì mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi ti fà, odò kò pariwo. Bó ti di ìrọ̀lẹ́, Àdàbà, aládùúgbò wọn, mú ìyá náà lọ́wọ́ lọ sí etí odò. Ìyá kọjú sí òdìkejì, ó gbé orin:

Ọmọ mi Ẹtu, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

— Odò, rọra, kí n gbọ́.

Ṣé o rí jẹ lónìí, àbí ebi ń pa ọ́?

— Odò, rọra, kí n gbọ́.

Wọ́n ní o jalè, n kò gbà pé o jalè,

— Odò, rọra, kí n gbọ́.

Ta ló rí ọ níbẹ̀? Kò sẹ́ni tó rí ọ,

— Odò, rọra, kí n gbọ́.

Dákun dá mi lóhùn kí n tó lọ sùn,

— Odò, rọra, kí n gbọ́.

Afẹ́fẹ́ fẹ́ lẹ́ẹ́. Ohùn tín-ín-rín kan sì ti òdìkejì wá:

Ìyá mi àtàtà, mo jẹ, mo yó,

— Odò, rọra, kí n gbọ́.

Ẹsẹ̀ mi ti ń san, ọkàn mi ni kò san,

— Odò, rọra, kí n gbọ́.

Mo ń wo èéfín ilé, n kò mọ èyí tó jẹ́ tiwa,

— Odò, rọra, kí n gbọ́.

Àdàbà, jọ̀wọ́, bá mi mú un délé.

— Odò, rọra, kí n gbọ́.

Irọ́ ni pé ó yó. Ewé kíkorò ló jẹ. Ṣùgbọ́n irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ máa ń pa kí ìyá rẹ̀ lè rí oorun sùn. Ìyá náà sì mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì sùn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́ gbogbo. Nígbà tó yá, òjò dé. Òjò ọdún náà pọ̀. Odò kún àkúnya, ó ń hó ṣàà, ṣàà, kùrukùru sì bo ojú rẹ̀. Ẹtu dúró létí omi, ó na etí. Ariwo odò nìkan ló ń gbọ́. Ó kọrin, ohùn rẹ̀ kò dé ìdajì ọ̀nà.

Ìyá mi àtàtà, ṣé o wà níbẹ̀?

— Odò, rọra, kí n gbọ́.

Mo pè ọ́ lánàá, omi ló dáhùn,

— Odò, rọra, kí n gbọ́.

Mo tún pè ọ́ lónìí, omi náà ló ń wí,

— Odò, rọra, kí n gbọ́.

Bí n kò tilẹ̀ gbọ́ ọ, ṣáà máa bá mi sọ̀rọ̀.

— Odò, rọra, kí n gbọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ kò tí ì mọ àárò. Ẹ kò tí ì sùn níbi tí ìyá yín kò sí rí, àfi Oyèníran tó lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó sunkún títí wọ́n fi dá a padà. Má rẹ́rìn-ín, Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àárò kì í pa ni lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ni. Ẹtu ti rí koríko tútù jẹ nígbà náà, ara rẹ̀ ti le, kò sí ẹni tó ń dí i lọ́wọ́. Ohun tó ń wù ú kò ju kí ẹnìkan ráhùn sí i létí pé iyọ̀ ọbẹ̀ kò tó. Á gbọ́ kí ìyá rẹ̀ wúkọ́ láàárọ̀, á gbọ́ kó pe orúkọ rẹ̀ láìní ohun tó fẹ́ rán an. Á jí, á sì rí i pé òjò ló ń rọ̀.

Òjò dá. Wọ́n wa iṣu nílùú, wọ́n kó èèbù tuntun sínú ilé amọ̀, ọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ààlè tuntun. Kò pẹ́ kò jìnnà, Ajá yọjú wò. Òkìtì ti tún dín.

Wọ́n lu agogo. Ìlú pé. Ọba la ẹnu láti bèèrè ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ẹnu náà sì há. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Ẹfọ̀n kékeré, ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó di ikùn mú, tó ń kérora. Ikùn náà wú. Ó ti jẹ àgbálùmọ̀ tí kò pọ́n.

Kò sí ẹni tó pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Ajá ń wo ilẹ̀. Òkété onówe kò rántí òwe kankan.

Ọba dìde. Ó ní, "Kí lẹ ń wò? Ọmọ mi kì í ṣe olè. Ikùn lè wú nítorí ohun púpọ̀. Ta ló rí i nílé èèbù?"

Alágẹmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀ nígbà náà, ó na ẹsẹ̀, ó fà á padà. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Etí mi kò mú un tán."

"Mo ní ta ló rí i níbẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ. Kò sẹ́ni tó rí i, nítorí náà kì í ṣe olè, àfi bí a bá rí ẹ̀rí. Bí a ṣe ń ṣe fún ọmọ ọba nìyẹn. Bó ṣe yẹ kí a ṣe fún ọmọ afọ́jú náà nìyẹn."

Ọba jókòó. Ó ní, "Bàbá, kí ni ká ṣe?"

Alágẹmọ ní, "Ká ṣe ohun tí a kò ṣe níjọ́ kìíní. Ká lọ wò ó."

Ẹ wò ó, gbogbo ìlú yìí, kò tí ì sí ẹnìkan tó wọ ilé èèbù láti wo bí olè ṣe wọlé. Ààlè wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ti fi gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Ààlè ń kìlọ̀ fún ẹni tó ní ìtìjú ni. Kì í ṣe ẹlẹ́rìí, kò sì lè rojọ́.

Ọba já ààlè. Wọ́n wọlé. Wọ́n kó èèbù kúrò lára ògiri ẹ̀yìn. Nísàlẹ̀ ògiri náà, wọ́n rí amọ̀ tuntun, àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyókù. Ajá fi èékánná ha á, ó ya wẹ́lẹ́, ihò yọ gbàùn. Ajá ki imú bọ̀ ọ́, ó gbọ́ òórùn inú rẹ̀, ó ń tọ òórùn náà lọ lókè ilẹ̀, àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e. Ihò náà gba abẹ́ ọ̀nà tó wà lẹ́yìn ilé kọjá. Ojú kan wà níbẹ̀ tí ilẹ̀ ti jìn, koríko ti hù bò ó, àpáàdì ìkòkò omi sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wo àpáàdì náà. Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ará yòókù wọ̀nyí kò lọ wo kòtò.

Ihò tún ń lọ. Ibi tó gúnlẹ̀ sí ni abẹ́ ibùsùn Òkété.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ìlú hó, "Ẹ pa á!"

Alágẹmọ gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ dúró. Ṣé ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òkété ní ẹnu, ẹ jẹ́ kó sọ tirẹ̀."

Òkété fi ọwọ́ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní, "Èmi nìkan kọ́ ló ń gbẹ́ ihò nílùú yìí. Òòrẹ̀ náà ń gbẹ́lẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

Alágẹmọ ní, "Ìbéèrè tó dáa ni. Òòrẹ̀, wá, wọ ihò yìí."

Òòrẹ̀ gbìyànjú. Orí rẹ̀ wọlé, èjìká rẹ̀ há, ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ sì ha ògiri ihò yánnayànna. Kò sí irú àpá bẹ́ẹ̀ nínú ihò náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fa Òòrẹ̀ jáde lẹ́sẹ̀, ó ń bínú. Wọ́n ní kí Òkété wọ̀ ọ́. Ó gbà á ṣin-ṣin. Ajá sì ti abẹ́ ibùsùn kó èèpo èèbù jáde, òkìtì kan.

Òkété yí ohùn padà. Ó ní, "Ó dáa, èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ọ́mọ̀. Yàrá mi ni mo fẹ́ mú gbòòrò. Ṣàdédé ni èèbù já lé mi lórí."

Àwọn kan fẹ́ lù ú. Alágẹmọ kò jẹ́. Ó ní, "Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣèèṣì kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀. Bó bá jẹ́ èèṣì, a kò ní pè ọ́ lólè. Nígbà tí èèbù já lé ọ lórí, ta lo sọ fún?"

Òkété dákẹ́.

"Amọ̀ tí wọ́n fi dí ẹnu ihò, ta ló pò ó?"

Òkété dákẹ́.

"Ẹni tó ṣèèṣì já sílé onílé, ariwo ló máa ń pa. Kì í pa ojú ọ̀nà rẹ́, kì í sì padà wá lọ́dún kejì. Nígbà tí a sì ń lé Ẹtu lọ, ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe òun?"

Òkété wo ilẹ̀ títí. Ó ní, "Mo mọ̀."

Ìdí nìyẹn tí Òkété fi ń gbé inú ihò títí dòní, tí kì í fẹ́ kí oòrùn rí òun. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sí òdìkejì odò.

Odò ti fà. Ariwo rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ẹtu ti ń retí ọjọ́ yìí láti ìgbà tí òjò ti dá. Nírọ̀lẹ́, ó fi omi bọ́jú, ó jókòó létí odò. Ó ní, "Lónìí, n ó gbọ́ ọ."

Ìyá mi àtàtà, odò ti dákẹ́,

— Odò, rọra, kí n gbọ́.

Ọmọ rẹ Ẹtu rèé, ó na etí sílẹ̀,

— Odò, rọra, kí n gbọ́.

Sọ pé iyọ̀ kò tó, n kò ní bá ọ jiyàn.

— Odò, rọra, kí n gbọ́.

Ó gbọ́ tí ẹja ta nínú omi. Ó gbọ́ tí wọ́n ń gún iyán nílùú lọ́hùn-ún. Kò gbọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní bóyá ọ̀fìnkìn ló mú un. Lọ́jọ́ kejì, ó ní bóyá Àdàbà ló rìnrìn àjò. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Alágẹmọ ló jókòó sínú ọkọ̀ náà. Òun ló ní kí wọ́n má rán ẹlòmíràn.

Ẹtu kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ káàbọ̀."

"Ọmọ mi, wọ́n ti rí olè náà. Kì í ṣe ìwọ."

Ẹtu ní, "Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe èmi, Bàbá." Ó fò sókè, ó ń jó, ó ń pa ọwọ́. "Ṣé ẹ ti sọ fún ìyá mi? Kí ló wí?"

Alágẹmọ na ẹsẹ̀ kan síwájú, ó fà á padà. Ó ní, "Wọ inú ọkọ̀ ná."

Ẹtu wo ojú rẹ̀. Ó wọ inú ọkọ̀, kò sì bèèrè nǹkan kan mọ́ títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Àdàbà nìkan ló dúró ní èbúté. Ẹtu ní, "Nígbà wo ni?"

Àdàbà ní, "Nígbà tí òjò pọ̀ jù lọ. Ibà ló mú un lọ. Ṣùgbọ́n kò pa ìrọ̀lẹ́ kan jẹ. Bí òjò bá ń rọ̀, á ní kí n mú òun wá síbí. Mo ní, 'Màmá, odò ń pariwo, Ẹtu kò lè gbọ́ yín.' Ó ní, 'Ó ń gbọ́. Etí ọmọ mi mú. Ó ń gbọ́.'"

Ẹtu ní, "N kò gbọ́."

Ọba wá pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀. Ó ṣí adé lórí, ohun tí ọba kì í ṣe. Ó ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo fún ọ ní ilẹ̀ tó dára jù lọ nínú ìlú. Èèbù tí o máa gbìn wà níbẹ̀, àwọn tí yóò bá ọ ro ó wà níbẹ̀. Bí ohun mìíràn bá wà tí o fẹ́, sọ ọ́. N ó ṣe é."

Ẹtu ní, "Kábíyèsí, mo dúpẹ́. N kò fẹ́ ilẹ̀. Ohun tí ìyá mi ń bá mi sọ ní gbogbo àsìkò òjò, òun ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹ bá mi gbà á lọ́wọ́ odò."

Ẹtu kúrò láàárín wọn, ó wọ inú koríko lọ, kò sì gbé ìlú mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ó tó. Àlọ́ mi ti gúnlẹ̀ síbí, ó kan ilẹ̀ gbì. Bí mo bá ti fi irọ́ lú u, kí ahọ́n mi lọ́ mọ́ mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí i pé ahọ́n mi ṣì nà gbọọrọ.

Àbẹ̀kẹ́, nu ojú rẹ. Ẹ gbọ́ ohun tí àlọ́ yìí kọ́ wa, kí ẹ sì mú un lọ sùn. Ẹ má ṣe pe ẹnikẹ́ni lólè nítorí pé ó ń tiro, tàbí nítorí pé ó gba ibẹ̀ kọjá, tàbí nítorí pé inú ń bí yín. Ẹni tó bá fẹ̀sùn kàn, òun ni kó mú ẹ̀rí wá. Ẹ gbọ́ ẹnu ẹni tí a fẹ̀sùn kàn, kódà bí ó bá jẹ́ Òkété. Ẹ bèèrè bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni àbí ó ṣèèṣì ni. Bí ẹ kò bá sì rí ẹ̀rí, ẹ fi í sílẹ̀. Olè tó bọ́ lónìí, a lè mú un lọ́la. Ẹni tí a bá fìyà jẹ láìṣẹ̀, a lè pè é padà sílé, ṣùgbọ́n a kò lè bá a pe ìyá rẹ̀.